‘Káṣúà’: Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ rẹpẹtẹ, owó táṣẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí kò fojú kan ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí pàápàá mọ̀ ọ́n ní Oregun, ní Ìkẹjà. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ mọ̀ ọ́n, awakọ̀ dánfó mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣí géètì sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ọ̀rọ̀ náà ni ‘casual’, èyí tí ẹnu àwọn ènìyàn wa ti sọ di káṣúà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ti Èkó dé sí abúlé lásìkò ọdún, tí àwọn àgbà bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe lọ́hùn-ún, èsì tó sábà máa ń fún wọn ni pé, “Kọ́ńpìnnì ni mo wà, mo ṣì ń ṣe káṣúà ná.” Àwọn àgbà á ní kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é, wọ́n á ṣe àmín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Kò yẹ kó tán síbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń ṣe é ‘ná’. Àwọn kan wà tí ‘ná’ yìí ti di ọdún mẹ́ta fún, àwọn mìíràn wà tó ti di ọdún méje fún, tí wọ́n ti fẹ́ ìyàwó lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ti sọ ọmọ lórúkọ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó dá sílẹ̀ fún ohun tí kò wúwo, ohun tó kàn ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, òun ni wọ́n gbé ka orí iṣẹ́ tó ń jẹ ìgbà èwe ènìyàn tán. Níbi tí orúkọ bá ti fúyẹ́ báyìí, ẹ̀tọ́ tó tẹ̀lé e náà kì í wúwo.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí àwọ̀ padà bí ọ̀gà. Ní àwọn ọ́fíìsì tó wà ní Allen àti ní Alausa, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Oregun, ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ aṣọ káṣúà. Ẹni tó ti fi táì fún ara rẹ̀ lọ́rùn láti ọjọ́ Ajé á wọ àǹkárá tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí kò há a mọ́ra, á máa rìn fàlàlà. Káṣúà tibẹ̀ yẹn, ìtura ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní tirẹ̀ lè gba ìsinmi ‘casual’, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ tí yóò fi lọ sìnkú àna rẹ̀ tàbí lọ yanjú ọ̀ràn ilé, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dín kọ́bọ̀. Àǹfààní nìyẹn. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sọ pé ọ̀rẹ́ káṣúà ni àwọn àti ẹnì kan, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ níbẹ̀, kò sí ìyá tí wọn yóò mú un lọ hàn. Bí ọ̀gá kan bá sì sọ ọ̀rọ̀ ńlá bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, wọ́n á ní ó kàn sọ ọ́ ní káṣúà ni.

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ẹni tí nǹkan fúyẹ́ fún ló ń jẹ ìgbádùn rẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ náà ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó gba ìsinmi náà ló ráàyè lọ sílé. Géètì iléeṣẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú. Níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní káṣúà ló ń gbé ẹrù, ẹlòmíràn ni ẹrù náà sì fúyẹ́ fún. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ ń bẹ níbòji.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìran tirẹ̀. Èdè Látìn ni òyìnbó ti mú un. ‘Casus’ ni àwọn ará Róòmù ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìṣubú, ohun tó já bọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti di ohun tó ṣèèṣì wáyé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pète. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan tún wà tí gbogbo ilé ìwòsàn mọ̀, ìyẹn ‘casualty’, tí àwọn ènìyàn ń pè ní káṣúátì, yàrá tí wọ́n máa ń sáré gbé ẹni tí mọ́tò gbá tàbí tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ lọ. Inú ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀rọ ṣe rí kò ní rò pé àwàdà ni èyí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, yàrá kan wà nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kó òtòṣì sí tó ń jẹ́ yàrá àwọn ‘casual’. Alárìnkiri tí kò nílé á sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n á fún un ní búrẹ́dì, wọ́n á sì ní kó fọ́ òkúta tàbí kó tú okùn àtijọ́ kó tó máa lọ. Ní èbúté London, àràádọ́ta àwọn lébìrà ló máa ń tò láràárọ̀, tí ọ̀gá kékeré kan á máa nàka sí ẹni tó wù ú: ìwọ, ìwọ, àti ìwọ tọ̀hún. Àwọn tí kò nàka sí á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Lọ́dún 1889 ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté náà daṣẹ́ sílẹ̀, ara ohun tí wọ́n sì rí gbà ni pé bí wọ́n bá pe ènìyàn síṣẹ́, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọdọ̀ dín ní ti wákàtí mẹ́rin. Ó di 1947 kí ìjọba tó là á kalẹ̀ pé kí ẹni tó bá yọjú síṣẹ́ rí nǹkan gbà bí kò tilẹ̀ síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́dún 1967 ni wọ́n fòpin sí iṣẹ́ àpèmọ́jú náà ní èbúté. Ohun tó gba àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 78 láti mú kúrò ní èbúté wọn, òun ló wà lẹ́nu géètì Oregun títí di òní. (Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ti fọwọ́ mọ́. Wọ́n ti wá orúkọ tuntun fún un, ‘zero-hours’ ni wọ́n ń pè é báyìí.)

Àwọn Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀ da iṣẹ́ pọ̀ sójú kan. Ẹni tó bá dàgbà ní oko mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ náà ló sì ń sọ àdéhùn inú rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ márùn-ún bá ń yí oko ara wọn ká, tí wọ́n ń ro ti ẹnì kan lónìí, ti ẹnì kejì lọ́la, àáró nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ àáró gbọ́dọ̀ san án padà pẹ̀lú iṣẹ́, kì í ṣe owó. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ kọ́lé tàbí fẹ́ ṣe iṣẹ́ àna, tó sì bẹ àwọn ará ilé àti ará àdúgbò, ọ̀wẹ̀ ló bẹ̀. Oúnjẹ àti ẹmu ni yóò pèsè, gbogbo rẹ̀ á sì parí lọ́jọ́ náà. Alágbàro tàbí alágbàṣe, ẹni tí wọ́n háyà ni. Wọ́n á bá a díye lé iṣẹ́ kó tó gbé ọkọ́, ebè ni wọ́n sì fi ń ka iṣẹ́ fún un, igba ebè, irinwó ebè. Bó bá ti kọ ebè tó kẹ́yìn, owó rẹ̀ ti di dandan.

Kódà ìwọ̀fà, tí kò sí ẹni tó ń gbàdúrà fún un, ní ìlànà. Ẹni tó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà ń sin olówó nítorí gbèsè ni, iṣẹ́ náà ló dúró fún èlé. Gbogbo ènìyàn ló mọ iye owó tó wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà pé, ọjọ́ náà ni ìwọ̀fà gba ara rẹ̀. Ìwà ìkà pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì dára bó ṣe kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ ohun tó so òun mọ́lẹ̀, ó sì mọ ohun tí yóò tú òun sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ káṣúà tó ti lo ọdún méje nídìí ẹ̀rọ kan kò mọ èyí tó lè tú u sílẹ̀ sínú ìgbádùn sítáàfù, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò sọ fún un ní géètì pé kó má wọlé mọ́.

Agbègbè yìí gan-an kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n háyà. Kí iléeṣẹ́ kankan tó débẹ̀, oko kòkó ńláńlá wà ní Agége. Lára àwọn tó dá wọn sílẹ̀ ni J. K. Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, tó gbin kòkó káàkiri agbègbè náà ní òpin 1800 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1900, tó sì háyà àwọn lébìrà tó ti òkè wá. Nígbà tí ọ̀nà réluwéè láti Èkó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, Agége wà lójú ọ̀nà náà, iṣẹ́ sì ń fa ènìyàn wá. Lẹ́yìn èyí ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn iléeṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Oregun, tó jẹ́ ìlú àwọn Àwórì látijọ́, di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ike, òògùn, bébà àti oríṣiríṣi nǹkan. Ọ̀nà Oregun tó gba àárín rẹ̀ kọjá ti di Kudirat Abiola Way, ní ìrántí obìnrin tí wọ́n yìnbọn pa ní agbègbè náà ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 1996. Ààtàn ńlá Olusosun kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí Èkó máa ń sùn.

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà yìí kọjá ní ìdájí yóò rí wọn. Kí agogo mẹ́fà tó lù ni wọ́n ti ń kóra jọ lẹ́nu géètì, ẹlòmíràn mú báàgì kékeré lọ́wọ́, bàtà iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, òun ló fi owó ara rẹ̀ rà á. Àwọn sítáàfù á bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á fi káàdì han ẹ̀ṣọ́, wọ́n á wọlé. Àwọn káṣúà á dúró de ẹni tó máa jáde wá ka orúkọ. Ìgbà mìíràn, iye tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀ tó iye tó dúró. Àwọn tó wọlé á ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá, ọ̀sán ní ọ̀sẹ̀ yìí, òru ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ tí sítáàfù ń tẹ̀ náà ni káṣúà ń tẹ̀. Ariwo rẹ̀ kan náà ló ń wọ etí àwọn méjèèjì. Ọjọ́ owó ló máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀, àti ọjọ́ àìsàn, àti ọjọ́ tí ìyàwó bá bímọ.

Ó yẹ kí á sọ ti àwọn agbanisíṣẹ́ náà, nítorí ẹjọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà ń dá. Iléeṣẹ́ kò rọrùn láti ṣe ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń fi dísù ṣe iná fún ara rẹ̀, tó ń wa omi fún ara rẹ̀, tó sì ń wá dọ́là láti fi ra ohun èlò, kò lè máa fi ọwọ́ fífẹ̀ gba ènìyàn síṣẹ́. Dunlop tó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 2008, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì mọ ohun tó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ káṣúà lóòótọ́. Bí ọkọ̀ àjàgbé mẹ́ta bá dé lójijì tó ń fẹ́ ẹni tó máa já ẹrù, tàbí tí Kérésìmesì ń bọ̀ tí àwọn ènìyàn ń béèrè ọtí ẹlẹ́rìndòdò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sí ẹni tó máa ní kí wọ́n fi ìwé ogún ọdún gba ènìyàn síṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ìjà wà níbi tí iṣẹ́ ti wà lójoojúmọ́, tí ẹ̀rọ kì í sinmi, tí ènìyàn kan náà sì ń wá láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì kọjá lọ. Èèṣì wo ló ń gba ọdún méje?

Òfin kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ. Òfin Òṣìṣẹ́ tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ lọ́dún 1974, tó ṣì wà títí di ìsinsìnyí, kò sọ ohun tí káṣúà ń jẹ́. Àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀. Ẹni tí òfin náà pè ní òṣìṣẹ́ ni ẹnikẹ́ni tó bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn iṣẹ́, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ti akọ̀wé, yálà wọ́n kọ àdéhùn náà sínú ìwé tàbí wọ́n fẹnu sọ ọ́. Abala keje rẹ̀ sì sọ pé kó tó di oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ orúkọ agbanisíṣẹ́, irú iṣẹ́ náà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye owó àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fòpin sí àdéhùn náà. Òfin kan náà fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà ó kéré tán pẹ̀lú owó rẹ̀. Kò sí ibi tó ti sọ pé àyàfi káṣúà.

Oṣù mẹ́ta yẹn ni àwọn kan ń sá fún. Bó bá ti ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé, wọ́n á sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó lọ sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bó bá padà dé, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tuntun. Lọ́nà báyìí, ẹni tó ti ń bọ̀ láti ọdún márùn-ún kò tíì lo oṣù mẹ́ta rí nínú ìwé wọn. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni.

Owó oṣù tó kéré jùlọ náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Lọ́dún 2024 ni wọ́n sọ ọ́ di 70,000 náírà. Òfin ọdún 2019 tí wọ́n tún ṣe láti fi gbé e ga ka àwọn tí kò kàn sílẹ̀: iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25, àwọn tó ń ṣe ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀, àwọn tó ń gbowó lórí iye ọjà tí wọ́n tà tàbí iye iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, iṣẹ́ tó ní ìgbà bíi ti oko, àti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti ti òfuurufú. Wọn kò dárúkọ káṣúà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n máa ń fi pa ẹni tó bá béèrè lẹ́nu mọ́: “Ṣé o kò mọ̀ pé káṣúà ni ọ́ ni?”

Ghana tó wà nítòsí ti ṣe ohun tí Nàìjíríà kò ṣe. Nínú Òfin Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003, wọ́n la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní káṣúà ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó ní ìgbà tàbí tó ń dá dúró, tí kò ju oṣù mẹ́fà léra lọ, tí wọ́n sì ń ṣírò owó rẹ̀ lójúmọ́. Wọ́n ní owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dọ́gba, kó sì láǹfààní sí ìtọ́jú ìlera tí iléeṣẹ́ pèsè. Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà léra lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, òfin ti sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ pátápátá. Kì í ṣe pé gbogbo ọ̀gá ní Ghana ló ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti ní ìtumọ̀ nínú ìwé òfin, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè fi ìka tọ́ ojú ìlà kan. Kí ni àwọn aṣòfin tó wà ní Abuja ń dúró dè? Gbólóhùn kan péré tó sọ ohun tí káṣúà jẹ́ àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ dópin ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC gbìyànjú. Nígbà tí Adams Oshiomhole jẹ́ ààrẹ wọn, láti 1999 sí 2007, wọ́n lọ dúró lẹ́nu géètì àwọn iléeṣẹ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ariwo sì ta. Ohun tó tẹ̀lé e níbi púpọ̀ ni pé wọ́n pa orúkọ dà. Káṣúà di ‘contract staff’. Kọngílá kan wọ àárín, òun ló ń kó ènìyàn wá, òun ni iléeṣẹ́ ń sanwó fún, òun ló sì ń yọ tirẹ̀ kó tó fún òṣìṣẹ́ ní ìyókù. Bí òṣìṣẹ́ bá bi iléeṣẹ́, wọ́n á ní kó lọ bi kọngílá rẹ̀. Bó bá bi kọngílá, á ní ohun tí iléeṣẹ́ san ló fún un. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí káṣúà àtijọ́ mọ ẹni tó jẹ òun lówó ó kéré tán.

Ilé-ẹjọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí orúkọ tan òun jẹ. Nínú ẹjọ́ kan lọ́dún 2008, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ka àwọn àmì tí wọ́n fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gba iṣẹ́ àgbàṣe. Ta ló ni irinṣẹ́? Ta ló ń sọ wákàtí tí yóò wá àti èyí tí yóò lọ? Ọgbà ta ló ti ń ṣiṣẹ́? Ṣé ó lè rán ẹlòmíràn wá dípò ara rẹ̀? Ẹ fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí bi káṣúà Oregun, ẹ ó rí i pé òṣìṣẹ́ ni, kò jọ kọngílá rárá. Láti ọdún 2011 tí wọ́n ti tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, ilé-ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti ní agbára láti gbọ́ ẹ̀sùn ìrẹ́jẹ lẹ́nu iṣẹ́. Kò rọrùn fún ẹni tó ń jẹun òòjọ́ láti gba agbẹjọ́rò, òótọ́ ni. Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì kí àwọn aṣojú ìjọba tó ń bẹ iléeṣẹ́ wò máa béèrè ìwé oṣù mẹ́ta náà lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́, kí wọ́n má kàn mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ọ́fíìsì ọ̀gá kí wọ́n sì máa lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jùlọ ni ti ìjàǹbá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan rọ́bà ní Ìkòròdú lóru, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ọ̀pọ̀ ló kú. Púpọ̀ nínú wọn, káṣúà ni. Ẹni tí kò ní ìwé, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ́jísítà tó dájú, ta ni yóò jẹ́rìí sí i pé ó wà nínú ilé náà lóru ọjọ́ yẹn? Ìyá rẹ̀ tó wà ní abúlé kò mọ̀ ju pé ọmọ òun wà ní kọ́ńpìnnì.

Ohun kan ti yí padà láti ìgbà náà wá, àwọn òbí tó wà nílé ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lọ́dún 2010, wọ́n ṣe òfin tuntun lórí owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa tàbí tó kú lẹ́nu iṣẹ́. Òfin yìí dárúkọ káṣúà. Ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ títí lọ, ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀, ọmọ ẹnu iṣẹ́ àti káṣúà, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn, yálà wọ́n kọ àdéhùn wọn sílẹ̀ tàbí wọ́n fẹnu sọ ọ́. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò owó náà lọ́dọ̀ àjọ NSITF, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti san fún ẹni tó farapa, tàbí fún àwọn tó ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó kú.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti ń ṣe káṣúà ní Oregun, ní Ogba tàbí ní Agége, kí àwọn ará ilé béèrè orúkọ iléeṣẹ́ náà gan-an, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kọngílá, bó bá wà. Kí ọmọ náà máa tọ́jú gbogbo bébà tó bá gbà, káàdì géètì, tíkẹ́ẹ̀tì owó, títí kan iṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ nígbà tí owó wọlé. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀, tàbí àwọn ẹbí rẹ̀ bó bá kú, gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Ọdún kan ni wọ́n fún ẹni tó fẹ́ béèrè owó náà láti kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń lo ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ yẹn láti fi máa bẹ ọ̀gá, kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní ọwọ́ tí yóò fi ṣe é mọ́.